Omi Lẹ́nu Bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́

Ọjọ́ tí káfíńtà kọ́kọ́ rí obìnrin náà, àwọn àgbàlagbà ló tò sẹ́bàá pápá bí ọmọ ilé-ìwé, tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ gbogbo wọn wú bíi ti ẹni tí eyín ń dùn. Obìnrin náà ń tiro lọ níwájú wọn pẹ̀lú garawa àti ife kan. Ó ń bu omi fún ìyá, ó ń bu fún bàbá, ó sì ń wo ọ̀fun wọn bóyá ẹnì kan gbé e mì.

Bẹ́ǹṣì ni káfíńtà wá tún ṣe. Òòlù ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó béèrè pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Àǹtí, kí ni àwọn èèyàn yìí ṣẹ̀?"

"Wọ́n bímọ ni." Kò rẹ́rìn-ín. "Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá fẹ́ sáré níbí á gbé omi sẹ́nu títí ọmọ tó kẹ́yìn á fi dé. Ẹni tí omi kún ẹnu rẹ̀ kò lè pariwo."

"Tó bá gbé e mì ńkọ́?"

"Á mú ọmọ rẹ̀ lọ sílé nìyẹn."

Ó fọn fèrè, àwọn ọmọ gbéra. Wọ́n ń sáré, wọ́n ń fa ara wọn láṣọ. Ọ̀kan padà lọ mú bàtà rẹ̀ tó bọ́, àwọn tó kù ń fi ṣe ẹ̀rín. Káfíńtà kò rí irú rẹ̀ rí. Òun náà sáré lọ́mọdé. Bàbá rẹ̀ ló máa ń dúró létí ìlà, tí á máa ké mọ́ ọn bí ẹni ń lé ajá. Bó bá gba ipò kejì, ebi ló máa sùn. Nígbà tí bàbá náà kú, ó kan pósí rẹ̀ dáadáa, kò fi ìṣó kan dù ú, ṣùgbọ́n kò sunkún. Ohun tó ní sí òkú náà nínú kò bá òkú wọlẹ̀.

Ní Sátidé tó tẹ̀lé e, ó mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá. Tẹ́ẹ́rẹ́ ni wọ́n ń pe ọmọ náà, ìyá rẹ̀ ti kú láti kékeré rẹ̀. Káfíńtà gba omi, ó fi sẹ́nu. Láti ọjọ́ náà, bẹ́ǹṣì kò yéé bàjẹ́ ní pápá yẹn.

"Bàbá Tẹ́ẹ́rẹ́," ni obìnrin náà, tí gbogbo pápá ń pè ní Àǹtí Olómi, wí lọ́jọ́ kan, "bẹ́ǹṣì tí ẹ tún ṣe lánàá, kí ló tún ṣe é?"

"Ó ń mì díẹ̀."

"Ṣé bẹ́ǹṣì ló ń mì àbí ẹ̀yin?"

"Àwa méjèèjì la jọ ń mì." Ó gbójú sílẹ̀. "Tí mo bá ti rí yín, òòlù kì í gbọ́ tèmi mọ́."

Ọjọ́ náà ni káfíńtà kọ́kọ́ rí ẹ̀rín rẹ̀. Nígbà tí ojú ti mọ ojú, obìnrin náà sọ ìdí tí òun fi ń tiro. Bàbá tirẹ̀ náà máa ń pariwo. Orúnkún obìnrin náà wú lọ́mọdé, bàbá ní ìwà ọ̀lẹ ni. Ó fi orúnkún wíwú náà sáré títí nǹkan fi já nínú rẹ̀. Bàbá rẹ̀ kò wojú rẹ̀ dáadáa mọ́ látìgbà náà, àfi bí ẹni pé ó jí nǹkan òun.

"Ẹni tí mo máa fẹ́," ó ní, "kò gbọdọ̀ ní ohùn yẹn lọ́fun."

"Èmi tí wọ́n fi ohùn yẹn ba èwe mi jẹ́? Ìfẹ́ mi, fọkàn balẹ̀."

Wọ́n fẹnu kò pé bí ìdíje ńlá bá ti parí, káfíńtà á wá rí ẹbí obìnrin náà.

Ìdíje náà ló dà á rú. Ojú ọjọ́ ṣú. Tẹ́ẹ́rẹ́ wà níwájú gbogbo wọn, àfi bí ẹni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀. Káfíńtà sún mọ́ ìlà. Ó rò ó pé ọmọ yìí lè gba ipò kìn-ín-ní, kí òun fi han òkú tó wà nílẹ̀ lọ́hùn-ún. Àfi bí Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe bojú wẹ̀yìn, tó rí ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, tó sì rọra dẹwọ́ eré dè é.

Omi náà wọ ọ̀fun bàbá rẹ̀ lọ.

"Sáré! Ṣé o fẹ́ dójú tì mí ni? Sáré, ìwọ olóríburúkú yìí!"

Ohùn bàbá káfíńtà tó ti kú ni, kò yàtọ̀ rárá, àfi bí ẹni pé ìdérí pósí ló ṣí. Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró. Ó jókòó sínú ẹrẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì di etí.

Àǹtí Olómi ló gbé e dìde, ó nu ẹrẹ̀ ara rẹ̀. "Ẹ mú un lọ sílé."

"Jọ̀ọ́, gbọ́ mi."

"Mo ti gbọ́ yín. Gbogbo wa la gbọ́ yín."

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ rí bàtà eré rẹ̀ sójú mọ́. Bí òòlù bá ró gbì nínú ṣọ́ọ̀bù, á ta gìrì. Bàbá àtọmọ ń jẹun nínú ilé bí àlejò méjì.

"Má bínú sí mi, ọmọ mi," ni káfíńtà wí lọ́jọ́ kan.

"Ṣé ohùn yẹn á tún padà wá?"

Irọ́ ì bá rọrùn. "Mi ò mọ̀," ó ní. "Ṣùgbọ́n mo máa wá omi dè é."

Òun nìkan ló lọ sí pápá ní Sátidé. Ó bu omi láti ilé sínú ike, ó dúró ní ìparí ìlà, ó gbé e sẹ́nu. Ó tún lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì. Àwọn òbí fi í ṣẹ̀sín kí wọ́n tó gba omi tiwọn.

"Káfíńtà, ọmọ ta lò ń wò?"

"Ẹ fi í sílẹ̀, òùngbẹ ìfẹ́ ló ń gbẹ ẹ́."

Àǹtí Olómi kò wo apá ibẹ̀. Òjò pa káfíńtà, oòrùn pa á, ó ṣáà ń wá.

Òjò wẹliwẹli ń rọ̀ lọ́jọ́ tí Tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ̀lé e wá láìwọ bàtà. Kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, ó kó sáàárín àwọn ọmọ. Nígbà tó dé ìdajì ọ̀nà, ó yíjú wo bàbá rẹ̀. Ẹ̀rù wà lójú rẹ̀. Ó rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wíwú méjì, ó sì ń lọ. Òun àti ọmọ kékeré kan ló kẹ́yìn, wọ́n di ara wọn lọ́wọ́ mú, wọ́n ń fẹsẹ̀ ta omi ẹrẹ̀ síra wọn. Omijé ń dà lójú káfíńtà, omi ẹnu rẹ̀ kò jò.

Àǹtí Olómi tiro wá. "Ọmọ ti dé. Ẹ tu ú."

Káfíńtà mi orí.

"Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ nígbà tẹ́ ò lè dá mi lóhùn." Ó gbé garawa sílẹ̀. "Èmi gan-an ni mo kọ́kọ́ nílò omi yìí. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, mo pariwo mọ́ ọmọ kan títí ó fi tọ̀ sára. Ohùn bàbá mi ni. Mo sá fún un lọ́dọ̀ yín, ọ̀fun tèmi náà ló ń gbé."

Káfíńtà tu omi náà sílẹ̀.

"Ọmọ yìí á ṣì máa bojú wẹ̀yìn," obìnrin náà wí. "Ó lè má ṣíwọ́ láéláé."

"Mo mọ̀, ìfẹ́ mi. Tó bá ti bojú wẹ̀yìn, á rí mi."

"Bàbá mi á pariwo mọ́ yín tẹ́ ẹ bá wá tọrọ mi."

"Mo máa gbé ike mi wá."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò lè parí rẹ̀. Àwọn ọmọ tún ti tò. Ó fọn fèrè, ó sì bu omi. Ó da ìdajì sẹ́nu káfíńtà, ó da ìyókù sẹ́nu ara rẹ̀, èyí tí kò ṣe rí lójú ẹnikẹ́ni. Ó ki ọwọ́ bọ inú ọwọ́ káfíńtà. Wọ́n dúró nínú òjò, ẹ̀rẹ̀kẹ́ àwọn méjèèjì wú. Lójú pápá, Tẹ́ẹ́rẹ́ bojú wẹ̀yìn.