Ìwé Tí Orúkọ Jovelyn Wà Lórí Rẹ̀

Lúgaw, ẹ̀kọ ìrẹsì tí Fermina sè fún ọkọ rẹ̀, ti tutù, Isko kò fi ẹnu kàn án. Ọjọ́ kẹrin rèé tí ibà dẹ́ńgè, èyí tí ẹ̀fọn ń kó ranni, ti dá a dùbúlẹ̀.

Fermina gbé ọwọ́ lé e níwájú orí.

"Isko, ara rẹ ò gbóná mọ́! Oògùn yẹn ti ṣiṣẹ́!"

"Inú ń run mí."

"Inú tí kò rí oúnjẹ, kí ni kó ṣe?" Ó rẹ́rìn-ín.

Omi ewé tawa-tawa ni oògùn náà, nínú ìgò kékeré. Ọkùnrin tó tà á ní náno ni, pé kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí sí i. Fermina ì bá má rà á, àfi bó ṣe rí orúkọ Jovelyn gàdàgbà lórí ìwé tí ọkùnrin náà fi hàn án. Jovelyn, ọmọ àbúrò rẹ̀, tó wà ní yunifásítì! Ta ni yóò rí orúkọ ọmọ rẹ̀ tí kò ní gbàgbọ́?

Ó pe Jovelyn lórí fóònù láti dúpẹ́.

"Ọmọ mi, o ṣeun o! Oògùn rẹ ti wo ọkọ mi sàn."

"Oògùn wo, Àǹtí?"

"Ti náno, tí orúkọ rẹ wà lórí ìwé rẹ̀."

"Yéè! Àǹtí, èmi ò ṣe oògùn kankan. Ìwé ìwádìí mi lẹni yẹn kàn fi ń tajà. Inú kọ̀ǹpútà ni mo ti ya fáírọ́ọ̀sì tó ń fa ibà yẹn bí àgádágodo, tí mo ń dán èròjà inú ewé wò bíi kọ́kọ́rọ́. Náno yẹn, àpò tí ojú ò lè rí ni, tí a fẹ́ kó máa gbé oògùn lọ síbi tí fáírọ́ọ̀sì wà. Àwòrán lòun náà. Eku gan-an ò tíì mu ún, ká má wá sọ èèyàn!"

"Ṣùgbọ́n ibà ti lọ..."

"Fúnra rẹ̀ ló ń lọ, Àǹtí. Ìgbà tó bá sì lọ yẹn gan-an ló léwu jù. Ṣé inú ń run wọ́n? Ẹ wo erìgì wọn."

Fermina ṣí ètè ọkọ rẹ̀. "Ẹ̀jẹ̀ ni!" ó ké sínú fóònù.

"Ẹ gbé wọn lọ sílé ìwòsàn báyìí! Ẹ mú ìgò yẹn dání kí dókítà rí i."

Aládùúgbò kan bá a gbé e. Dókítà fa omi sí iṣan Isko, ó ní ọpẹ́lọpẹ́ pé wọn kò pẹ́ jù bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ kejì, Fermina bú sẹ́kún lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Isko, díẹ̀ ló kù kí n fi ọwọ́ ara mi pa ọ́."

"O fẹ́ kí n yè ni," Isko dáhùn jẹ́jẹ́. "Nu ojú rẹ, àwọn nọ́ọ̀sì á rò pé mo ti kú."

Ẹ̀yin tí ẹ ní olólùfẹ́ nílé, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ń fi ọ̀nà han àwọn onímọ̀, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ bi ẹni tó ń ta oògùn fún yín pé: ara èèyàn wo ni wọ́n ti dán an wò? Bí ibà dẹ́ńgè bá rọ̀, ẹ má tíì yọ̀. Bí inú bá ń run aláìsàn gan-an, tó ń bì léraléra, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ ń yọ, ẹ sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn. Kò sí orúkọ tó tóbi tó lórí ìwé láti dá yín dúró.