Ohùn Ẹ̀yìn Aṣọ Kádínà Anselmo

Ẹni tó bá sọ fún yín pé ọ̀rọ̀ yìí kò ṣẹlẹ̀, ẹ bi í pé níbo ló jókòó sí lọ́jọ́ náà. Ó ṣẹlẹ̀. Ní Róòmù ni, láyé àtijọ́, nínú ilé tí wọ́n ti àwọn kádínà mọ́ kí wọ́n lè yan Póòpù tuntun.

Ọ̀sán gangan ni. Ṣùgbọ́n ta ló mọ̀ pé ọ̀sán ni? Wọ́n ti fi bíríkì dí gbogbo fèrèsé, kí ará ìta má baà fọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ará inú. Àbẹ́là ni wọ́n fi ń ríran. Ooru mú. Òórùn ìda àti òógùn gba inú ilé kan.

Oorun kò kun Kádínà Ercole Vannozzi. Àbúrò rẹ̀, Lelio, wà lẹ́wọ̀n ní ilé olódi tó wà létí odò. Wọ́n ní ó gún ìbátan Kádínà Prospero Malvezzo lọ́bẹ pa. Póòpù tó wàjà kò tíì dá ẹjọ́ náà. Prospero sì ti búra: bí òun bá fi lè gorí ìtẹ́, orí Lelio ni òun yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ìbò Prospero sì ń pọ̀ sí i.

Ercole wá ṣe ohun tí àwọn kádínà máa ń ṣe bí ọ̀rọ̀ bá dojú rú. Ó wá arúgbó.

"Kádínà Anselmo," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ láti yàrá dé yàrá. "Ta ni baba yẹn ṣẹ̀ rí?"

"Kò ṣẹ ẹnì kan. Kò tilẹ̀ lágbára láti lé eṣinṣin."

"Kí wá la ó ṣe? Ẹ jẹ́ kó jókòó sórí ìtẹ́ fún ọdún kan. Bó pẹ́ títí, ọdún méjì. A ó tún pàdé níbí."

"Ikọ́ rẹ̀ yẹn ńkọ́?"

"Ikọ́ yẹn gan-an ni mo ń polówó," ni Ercole wí.

Wọ́n fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Àṣà wọn ni pé kádínà tí àìsàn bá dá dùbúlẹ̀ kì í jáde wá dìbò. Àpótí ni wọ́n á gbé lọ bá a, àpótí tí a tì pa, tó ní ihò tóóró lórí. Ercole wà lára àwọn tó gbé e. Yàrá Anselmo kì í ṣe yàrá gidi. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ta yí ibùsùn rẹ̀ ká nínú gbọ̀ngàn. Don Celso, àlùfáà tó ń tọ́jú rẹ̀, dúró níwájú aṣọ náà. Ojú rẹ̀ pọ́n.

"Baba ńkọ́?" Ercole bi í.

"Wọn ò wúkọ́ láti ìdájí."

"Ó mà dáa o."

"Kádínà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ sọ nǹkan kan..."

"Ó di ẹ̀yìn ìbò."

"Kò ṣeé dúró dì—"

"Mo ní ẹ̀yìn ìbò, Celso!"

Ọwọ́ kan yọ láti ẹ̀yìn aṣọ. Ó rọra ju ìwé ìbò sínú ihò. Ó wọlé padà.

Don Celso fẹ̀yìn ti ògiri. Bí ẹni tó tẹ ejò ló ń wo aṣọ náà.

Wọ́n ka ìbò. Anselmo ló wọlé.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ercole," ni Prospero wí bí gbogbo wọn ṣe ń tò lọ sí ìdí aṣọ náà. "Pósí lẹ gbé gorí ìtẹ́."

"Pósí kì í bẹ́ èèyàn lórí."

Baba Taddeo, olórí gbogbo kádínà, dúró níwájú aṣọ náà. Ó gbé ohùn sókè.

"Anselmo, a ti yàn yín. Ṣé ẹ gbà láti jẹ́ Póòpù?"

Àbẹ́là kan ń ta pàrà.

"Mo gbà."

Ohùn náà mọ́ gaara. Kò sí ikọ́ nínú rẹ̀.

Wọ́n kúnlẹ̀. Òfin wọn ni pé bí ọ̀rọ̀ yẹn bá ti jáde lẹ́nu, ó parí, ó ti di Póòpù. Àwọn bíríkìlà kò dúró gbọ́ ìyókù. Wọ́n ti ń fi òòlù wó ojú fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ ya wọlé, ariwo èrò tẹ̀ lé e.

Taddeo fa aṣọ sẹ́yìn.

Anselmo nà gbalaja. Wọ́n ti fi ọ̀já di àgbọ̀n rẹ̀ mọ́ orí, bí wọ́n ti í ṣe fún òkú. Wọ́n ti ká ọwọ́ rẹ̀ sáyà. Eṣinṣin kan ń rìn létè rẹ̀.

Don Celso bú sẹ́kún. "Ìdájí ni wọ́n kú! Èmi ni mo di àgbọ̀n wọn!"

"Ta ló wá dìbò?"

"Ta ló dáhùn?"

Prospero bẹ̀rẹ̀, ó wo abẹ́ ibùsùn. Kò sí ẹnì kan. Oníṣègùn àwọn kádínà fọwọ́ kan ọrùn baba, ó yára fà á padà.

"Ó tutù. Ó ti gan."

Ọ̀nà kan ṣoṣo ló kù. Bí Póòpù bá kú, wọ́n á fi orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ pè é. Bí kò bá dáhùn, ó kú nìyẹn. Taddeo bẹ̀rẹ̀ sórí òkú náà.

"Anselmo, ṣé o ti kú?"

"Mo gbà."

Àgbọ̀n náà kò mì. Ọ̀já náà kò tú.

"Ẹ gbọ́!" Prospero pariwo. "Ó gbà pé òun ti kú! Ẹ jẹ́ ká tún ìbò dì!"

"Òkú wo ló ń dá èèyàn lóhùn?" ni Ercole wí. "Ẹni tí kò bá dáhùn ni òfin pè lókùú. Èyí dáhùn!"

"Àbí ẹ̀mí àìmọ́ ni?"

"Kí Póòpù má gbọ́ pé ẹ̀ ń pe òun bẹ́ẹ̀ o!"

Ercole fúnra rẹ̀ kò mọ̀ bóyá ẹ̀rù ló ń ba òun tàbí inú òun ń dùn. Ó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ibùsùn.

"Baba Mímọ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá Lelio ọmọ ìyá mi sílẹ̀."

"Mo gbà."

"Ẹ jẹ́rìí! Gbogbo yín ẹ jẹ́rìí!" Ó ju ọwọ́ sí ìránṣẹ́ rẹ̀. Ìyẹn sáré jáde lọ sí ilé olódi.

Prospero rọra kúnlẹ̀ ní òdìkejì. Ojú rẹ̀ ti funfun, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò há a lẹ́nu.

"Baba Mímọ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n bẹ́ Lelio Vannozzi lórí lónìí."

"Mo gbà."

Ohùn kan náà ni. Kò ga jù. Kò rẹlẹ̀ jù.

Ìránṣẹ́ Prospero náà sáré jáde. Ìró ẹsẹ̀ méjì ń lọ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n dojú kọ odò. Ercole kò mọ̀ bóyá ìránṣẹ́ òun ló wà níwájú tàbí ti Prospero.

Ó fò dìde láti sáré tẹ̀ lé wọn. Kò lè lọ. Ó bojú wolẹ̀. Ọwọ́ kan ti kúrò lórí àyà òkú, ó di apá aṣọ rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó gbéra. Ọwọ́ náà gbóná.

Níta, gbogbo Róòmù ń hó yèè.

"Baba," ni Ercole wí, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi mí sílẹ̀."

"Mo gbà," ni ohùn náà wí.

Ọwọ́ náà kò tú.