Ìpè Tí Ẹnikẹ́ni Kò Gbé

"Máàpù tuntun tún dé," ni télọ̀ wí fún ọmọ rẹ̀, kò sì rẹ́rìn-ín.

Agbẹnusọ ìjọba ló wọ gbọ̀ngàn òtẹ́ẹ̀lì tí wọ́n kó wọn sí, pẹ̀lú ìwé gbàgẹ̀rẹ̀ kan lábẹ́ abíyá. Ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, lórí èyí tó lẹ̀ síbẹ̀ lánàá. Lánàá, apá ìwọ̀-oòrùn òkun ni wọ́n fi bírò pupa yí po. Lónìí, gúúsù ni. Àwọn ẹbí èrò inú bàálù tó sọnù jókòó sórí àga oníke, wọ́n ń wò ó bí ẹni ń wo onídán tí àṣírí rẹ̀ ti tú. Ó ní kí wọ́n fọkàn balẹ̀, pé gbogbo nǹkan ń lọ bó ṣe yẹ. Irọ́ gbuu ni. Kò sí ohun kan tó ń lọ bó ṣe yẹ.

Láti ọjọ́ tí bàálù náà ti gbéra tí kò sì balẹ̀ síbi tó ń lọ, ẹnu àwọn aláṣẹ kò kò rí. Iléeṣẹ́ bàálù ní ó já sókun. Àwọn ológun ní ẹ̀rọ àwọn rí i tó ṣẹ́rí padà sórí ilẹ̀, nígbà tó yá wọ́n ní àwọn ò sọ bẹ́ẹ̀. Orílẹ̀-èdè tó múlé tì wọ́n ní ẹ̀rọ tàwọn náà rí i, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bi àwọn. Ẹ gbọ́ ná, kò sẹ́ni tó bi wọ́n! Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń jó epo kiri lójú agbami, àwọn ìwé ìròyìn sì ti ń pariwo owó epo, àfi bí ẹni pé epo ló sọnù, tí kì í ṣe èèyàn.

Pẹ́pẹ́yẹ ni ìyá rẹ̀ máa ń pe ọmọ télọ̀ yìí, torí láti kékeré ni ẹnu rẹ̀ kì í ti í dákẹ́. Nọ́ọ̀sì ni ìyá ọ̀hún. Ìdálẹ́kọ̀ọ́ kan ló ń bá bàálù lọ, ó sì ti ṣèlérí pé òun á ti padà dé kí ọmọ òun tó bẹ̀rẹ̀ ìdánwò àṣekágbá. Ìwé ìdánwò wà nínú báàgì lábẹ́ àga Pẹ́pẹ́yẹ, kò tíì ṣí i. Fóònù ìyá rẹ̀ ló ń pè ṣáá.

Gbogbo wọn ló ń pè. Ẹni tó bá parí àdúrà á pè, ẹni tó bá tají á pè. Ohun tó fẹ́ yà wọ́n ní wèrè ni pé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, fóònù náà á dún létí wọn, kíríń, kíríń, kó tó já. Wọ́n bẹ agbẹnusọ pé kó bá àwọn wádìí lọ́wọ́ iléeṣẹ́ fóònù. Ó ní òun ti gbọ́. Ẹni tó sùn là ń jí, a kì í jí apirọrọ.

Ìyá awakọ̀ bàálù náà ló máa ń jókòó ti Pẹ́pẹ́yẹ àti bàbá rẹ̀. Àwọn yòókù kì í fẹ́ sún mọ́ ọn, torí àwọn ìwé ìròyìn ti ń kọ ọ́ kiri pé ọmọ rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ gbé bàálù sá lọ. Màmá náà kì í bá ẹnikẹ́ni jiyàn. Òun àti Pẹ́pẹ́yẹ ni wọ́n jọ ń da aṣọ ìbora kan bora nígbà tí òtútù ẹ̀rọ amúlétutù bá mú jù. Ó máa ń sọ fún un pé àpótí kan wà nínú bàálù tó ń gba ohùn awakọ̀ sílẹ̀, àti pé àpótí ọ̀hún á máa ké lábẹ́ omi kí wọ́n lè rí i, títí bátìrì rẹ̀ á fi kú.

"Ọjọ́ tí wọ́n bá rí i, wọ́n á gbọ́ ohùn ọmọ mi," ni màmá náà wí. "Wọ́n á mọ irú ẹni tó jẹ́."

Lọ́jọ́ máàpù tuntun yìí, inú bí Pẹ́pẹ́yẹ. Ó dìde láàárín àwùjọ, ó bi agbẹnusọ bóyá wọ́n ti bá iléeṣẹ́ fóònù sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó ní kí ọmọdé jẹ́ kí àgbà ráyè ṣiṣẹ́. Télọ̀ fa ọmọ rẹ̀ láṣọ pé kó jókòó, àmọ́ ọmọ náà ti gba ọ̀nà ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ.

Ibẹ̀ ni akọ̀ròyìn kan ti bá a. Obìnrin náà gbé omi tútù fún un, ó kí i kú ìrọ́jú, ó sì bi í bóyá lóòótọ́ ni fóònù ń dún. Pẹ́pẹ́yẹ ní bẹ́ẹ̀ ni. Akọ̀ròyìn mí kanlẹ̀. Ó ní gbogbo ayé ti gbọ́ ìyẹn, kò sẹ́ni tó kà á sí mọ́.

"Àbúrò mi, ká ní ẹnì kan gbé e ni," ó wí, ó ń nu ojú kámẹ́rà rẹ̀, "àwọn ọ̀gá wọ̀nyẹn ò ní lè fojú ba oorun."

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọmọdé ni, kò mọ ohun tó ń ṣe. Pẹ́pẹ́yẹ mọ̀. Ó wo kámẹ́rà, ó rántí bí agbẹnusọ ṣe wo aago, ó sì la ẹnu.

"Màmá mi gbé e. Wọ́n ní inú igbó làwọn wà, lórí òkè. Ó wá já."

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Kí ilẹ̀ tó ṣú, kò sí tẹlifíṣọ̀n tí ọ̀rọ̀ náà kò dé. Àwọn àgbẹ̀ kan lẹ́bàá òkè kan ní àwọn tiẹ̀ gbọ́ ìró kan lọ́jọ́ tí bàálù sọnù. Inú ìjọba dùn. Òkè kò jìnnà, kò sì jẹ epo bí òkun. Wọ́n pàṣẹ kí àwọn ọkọ̀ ojú omi máa padà bọ̀, wọ́n kó sójà àti ẹlikọ́pítà lọ sórí òkè. Ìpè kan ṣoṣo sí iléeṣẹ́ fóònù ì bá ti tú irọ́ náà fó, kò sì sẹ́ni tó pè é. Irọ́ ọ̀hún rọ̀ wọ́n lọ́rùn.

Nínú gbọ̀ngàn, àwọn èèyàn ń dì mọ́ Pẹ́pẹ́yẹ, wọ́n ń sunkún ayọ̀. Bàbá rẹ̀ dúró kí gbogbo wọn ṣe tán.

"Báwo ni ohùn ẹ̀ ṣe rí?" ó bi í.

"Ó jọ pé ó ti rẹ̀ wọ́n," ni Pẹ́pẹ́yẹ dáhùn. Irọ́ kejì yìí ló ṣòroó sọ jù.

Lọ́jọ́ kejì, télọ̀ lọ sílé, ó gbé aṣọ tí ìyàwó rẹ̀ fẹ́ràn jù jáde, ó jókòó sídìí máṣíìnì, ó sì gba aṣọ náà wọlé níbi ìbàdí. Ó ní ẹni tó bá ti inú igbó bọ̀ á ti rù, kò yẹ kí aṣọ máa fẹ̀ lára rẹ̀. Ó ń súfèé bó ṣe ń rán an. Pẹ́pẹ́yẹ ò lè dúró wò ó.

Wọ́n wá orí òkè títí, òjò ni wọ́n rí. Sójà kan yọ̀ ṣubú sínú ọ̀gbun, ó kán lẹ́sẹ̀. Nígbà tí ojú tì wọ́n tó, wọ́n dá àwọn ọkọ̀ padà sójú òkun. Lẹ́yìn náà ni ẹnjiníà kan láti inú ọkọ̀ ojú omi wá bá àwọn ẹbí nínú gbọ̀ngàn. Òun ló kọ́kọ́ bá wọn sọ òótọ́. Ó ní ìró tí wọ́n ń gbọ́ nínú fóònù kò túmọ̀ sí pé fóònù ẹni tí wọ́n ń pè ń dún. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ló ń dún sí wọn létí nígbà tó bá ń wá fóònù náà kiri. Ó ní kí àṣẹ tó dé pé kí àwọn ṣẹ́rí padà, ẹ̀rọ àwọn ti ń gbọ́ igbe kan fínfín láti ìsàlẹ̀ òkun. Àwọn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn dúró, wọn ò gbà. Nígbà tí àwọn padà débẹ̀, ibẹ̀ ti dákẹ́.

"Bátìrì ti kú?" ni ìyá awakọ̀ béèrè. Ẹnjiníà tẹrí ba. Màmá náà ká aṣọ ìbora rẹ̀ jọ, ó gbé e lé itan.

Ẹnì kan sọ pé bóyá ọmọ télọ̀ ṣi ohùn gbọ́ ni. Ọ̀nà àbáyọ rèé fún Pẹ́pẹ́yẹ, tó bá fẹ́. Àmọ́ bàbá rẹ̀ ti fi ìbínú dìde, ó ní ọmọ òun kì í purọ́, ohun tó bá ní òun gbọ́ ló gbọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ló gún Pẹ́pẹ́yẹ dé egungun.

"Bàbá mi, ẹ jókòó," ó wí. "Irọ́ ni mo pa. Kò sẹ́ni tó gbé e."

Ọ̀rọ̀ di ariwo. Ẹnì kan sọ ife ike lù ú, ẹlòmíràn ń ṣépè. Télọ̀ ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí. Agbẹnusọ ìjọba sì ti já ẹ̀rọ gbohùngbohùn gbà, ó ń sọ pé ṣé gbogbo ayé ti gbọ́ báyìí, pé ọmọ yìí ló ba iṣẹ́ àwọn jẹ́. Ojú rẹ̀ ń dán fún ayọ̀. Ìgbà náà ni ìyá awakọ̀ dìde.

"Jókòó," ó wí fún un. "Ọmọ yìí purọ́, mi ò sì ní fọwọ́ pa á lórí. Ó ti gba ohùn ọmọ mi lọ́wọ́ mi. Àmọ́ ẹ̀yin lẹ fi òótọ́ dù wá títí irọ́ fi rí àyè jókòó. Ìpè kan péré, ẹ ò lè pè é."

Agbẹnusọ jókòó. Màmá náà kó aṣọ ìbora rẹ̀, ó lọ jókòó sí igun kejì gbọ̀ngàn, kò wo ẹ̀yìn.

Pẹ́pẹ́yẹ wá akọ̀ròyìn ọjọ́sí lọ. Ó bẹ̀ ẹ́ pé kó gbé kámẹ́rà wá, kí òun sọ fún aráyé pé irọ́ òun ló jẹ́ kí àpótí náà bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, kí wọ́n yé fi awakọ̀ ṣe olè. Obìnrin náà ní ìròyìn ọ̀hún ti tutù. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Kámẹ́rà tó sáré wá gbọ́ irọ́ kò ráyè wá gbọ́ òótọ́.

Nígbà tó délé, bàbá rẹ̀ wà nídìí máṣíìnì. Aṣọ ìyá rẹ̀ wà lórí itan rẹ̀, ó ń fi réésà tú ibi tó gbà wọlé, ó ń dá a padà sí ìwọ̀n tí ìyàwó rẹ̀ fi lọ. Pẹ́pẹ́yẹ kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Télọ̀ fa òwú kan yọ lára aṣọ náà.

"Inú ń bí èmi náà," ó wí. "Ó sì yẹ kó bí wa. Wọ́n purọ́ fún wa, ìwọ náà wá lọ ràn wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó bá ń wá òótọ́, tó bá fi irọ́ wá a, á rìn kọjá lára rẹ̀ ni."

Ó na réésà sí i, ó ní kó tú apá kejì. Pẹ́pẹ́yẹ gbà á. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni bàbá rẹ̀ fi rán aṣọ náà lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n títú rẹ̀ gbà wọ́n títí oòrùn fi wọ̀, àpá abẹ́rẹ́ sì hàn lára aṣọ náà síbẹ̀.