Àbẹ́là Tí Ìyá Ilmari Kò Rí

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, fara balẹ̀ díẹ̀. Ìtàn ọkùnrin kan ní ìlú wa, Tampere, nílẹ̀ òtútù lápá àríwá ayé, ni mo fẹ́ sọ fún ọ. Ilmari ni orúkọ rẹ̀.

Iṣẹ́ ọwọ́ Ilmari kò wọ́pọ̀. Ó máa ń ṣe àwòrán tí ń rìn lójú kọ̀ǹpútà bí ẹ̀rọ orin inú rẹ̀ bá ń kọrin. Bí oṣù Kejìlá bá ti ń sún mọ́lé, á ṣe ti Kérésìmesì: yìnyín tí ń bọ́ bí ìlù bá ṣe ń dún, ìràwọ̀ tí ń ṣẹ́jú, àbẹ́là tí iná rẹ̀ ń ga sí i bí orin bá ṣe ń ròkè. Á gbé e sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, àwọn ará ilẹ̀ òkèèrè á sì máa yìn ín. Orí rẹ̀ wú.

Ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti kú. Ó ń dá àwọn ẹlòmíràn lára yá, òun fúnra rẹ̀ kò mọ ohun tí ń jẹ́ ayọ̀. Bíà ló fi ń jí, òun náà ló fi ń sùn. Kò bínú sí Ọlọ́run o. Ọlọ́run kò kàn sí lára ohun tó ń rò ni. Ìyẹn ló sì burú jù, torí ẹni tó ń bínú ṣì ń bá ni sọ̀rọ̀.

Nílẹ̀ wa, bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, ojú oórì ni tilé-toko ń gbà lọ láti tan àbẹ́là fún àwọn tó ti kú. Lọ́dọọdún ni Hilja, ìyá Ilmari, opó tó ń dá gbé, máa ń pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù.

"Ilmari, ṣé wàá wá lọ́tẹ̀ yìí? Ká jọ lọ tanná fún bàbá ẹ, ká dé ṣọ́ọ̀ṣì, ká wá jẹ ògì ìrẹsì wa."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yin náà ẹ má wulẹ̀ rin inú yìnyín. Màá fi àbẹ́là kan ránṣẹ́ sí yín, afẹ́fẹ́ ò lè pa á."

Sídì kan tí àwòrán àbẹ́là tí ń jó wà nínú rẹ̀ ló fi ránṣẹ́. Lójú tirẹ̀, ó ti ṣe ojúṣe ọmọ.

Nígbà tí igi ń wọ́wé lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Hilja kú. Ilmari sin ín, kò sunkún. Ó padà sílé, ó jókòó ti kọ̀ǹpútà, ó ń bá àwòrán yìnyín ti ọdún náà lọ. Ó dà bí ẹni tí òtútù ti mú lọ́wọ́ títí, tí kò mọ̀ pé òun ní ìka mọ́.

Rauno, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì ìyá náà, ló wá bá a nílé nígbà tí Kérésìmesì ku ọ̀la.

"Dìde, wọ bàtà ẹ."

"Rauno, fi mí sílẹ̀. Orí ń fọ́ mi."

"Bíà tó o mu ló ń fọ́ ẹ lórí. Ó yá, ojú oórì màmá là ń lọ."

Ọ̀sán ni, ṣùgbọ́n ilẹ̀ ti ṣú bó ṣe máa ń ṣú lákòókò yẹn. Iná àbẹ́là mú gbogbo itẹ́ òkú náà mọ́lẹ̀ yòò. Oórì kan ṣoṣo ló ṣókùnkùn níbẹ̀, ti bàbá àti ìyá Ilmari ni.

"Ṣé màmá tiẹ̀ rí àbẹ́là mi lọ́dún tó kọjá?" Ilmari béèrè. "Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi."

Rauno dá a lóhùn: "Mo yà kí wọn lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n ti wọ aṣọ ṣọ́ọ̀ṣì wọn, wọ́n jókòó síwájú kọ̀ǹpútà, ojú ẹ̀ dúdú. Mo ní, 'Màmá, kí lẹ ń wò?' Wọ́n ní, 'Àbẹ́là Ilmari ni. Kò tíì tàn, àmọ́ ó máa tó tàn.' Èmi náà ò mọ ohun tó ṣe é."

Ilmari mọ̀ ọ́n. Ó kúnlẹ̀ sínú yìnyín.

"Orin ni. Mi ò sọ fún wọn pé kí wọ́n fi orin sí i. Tí orin ò bá sí, òkùnkùn ni gbogbo ẹ̀."

Rauno yọ àbẹ́là kan nínú àpò rẹ̀. "Ìwọ náà rí bẹ́ẹ̀, ọ̀rẹ́ mi. Tí ariwo bá ti dákẹ́, òkùnkùn ni. Jésù tí màmá ń sìn kì í dúró de orin kó tó tàn. Ó kú fún ẹ nígbà tó ò tiẹ̀ rántí ẹ̀."

"Mi ò mọ nǹkan kan lára, Rauno. Mi ò lè sunkún gan-an."

"Ta ló ní kó o sunkún? Sọ ọ́ fún un bẹ́ẹ̀."

Ilmari sọ ọ́. "Olúwa, mo ti ṣẹ̀ ọ́, mo ti ṣẹ ìyá mi. N kò mọ nǹkan kan lára. Gbà mí bí mo ṣe rí."

Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó ṣáná. Afẹ́fẹ́ pa á. Ó tún ṣá òmíràn, ó fọwọ́ bò ó, iná náà jó o níka. Ó dùn ún, ó sì mọ̀ ọ́n lára. Ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, kò sí orin kankan, àbẹ́là náà sì ń tàn.

Omijé kò wá lọ́jọ́ náà. Ó pẹ́ kó tó wá, níbi tó ti ń fọ abọ́. Ilmari ti fi bíà sílẹ̀. Ó ṣì ń ṣe àwòrán ọdún, ṣùgbọ́n bí Kérésìmesì bá ku ọ̀la, kọ̀ǹpútà rẹ̀ á sinmi.

Ìwọ tó ń ka èyí ńkọ́? Nígbà tí orin bá dá, tí àlejò bá ti lọ, kí ló ń kù nínú ọkàn rẹ? Má sọ pé o kò mọ nǹkan kan lára; wá bẹ́ẹ̀. Ronú pìwà dà lónìí. Ẹni tó dá ọ ń wo ọkàn rẹ tó dúdú yẹn, ó sì ń sọ pé, "Kò tíì tàn, àmọ́ ó máa tó tàn." Hilja dúró títí, kò rí i. Má jẹ́ kí Ọlọ́run náà dúró lásán.