Ojú Ẹsẹ̀ Nínú Sìmẹ́ǹtì

Òótọ́ lohun tí mo fẹ́ sọ yìí. Nínú ilé wa, ọkọ mi ló máa ń fi iyọ̀ sọ́rọ̀, èmi kọ́. Lórí èyí, òun gan-an ò fi nǹkan kan kún un.

Iṣẹ́ ọkọ mi ni kó máa fi sìmẹ́ǹtì dán ilẹ̀ ilé. Dígí làwọn èèyàn ń pè é, torí pé ilẹ̀ tó bá dán, wàá rí ojú ẹ nínú ẹ̀. Láti ìdí ògiri ẹ̀yìn ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, lórí ìkúnlẹ̀. Á máa fà sẹ́yìn, á máa fà sẹ́yìn, títí á fi bá ara ẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó rí ojú ẹsẹ̀ lórí ilẹ̀ ẹ̀ rí. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé.

Àmì dúdú kan wá yọ sí àtẹ́lẹsẹ̀ ẹ̀ òsì. Ó ní ọ̀dà ni. Ó fi kẹrosíìnì fọ̀ ọ́. Ọ̀dà ò lọ. Nígbà tó ń fẹ̀ sí i, mo wọ́ ọ lọ sí ọsibítù. Dókítà gé bíńtín níbẹ̀, ó ní àwọn máa yẹ̀ ẹ́ wò, bóyá jẹjẹrẹ awọ ara ni. Ó ní ká lọ máa retí èsì.

Ká lọ máa retí. Bí ẹni pé ó ní ká lọ máa jẹun.

Èmi ń fọ ìkòkò tó ti mọ́. Dígí ò jókòó ní tiẹ̀. Ó fi ọ̀rá wé báńdéèjì ẹsẹ̀ ẹ̀, ó lọ gba iṣẹ́ pálọ̀ nílé ìyá àgbàlagbà kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà.

"Dókítà ní kẹ́ ẹ sinmi," mo sọ fún un.

"Ṣé orúnkún mi ni wọ́n gé ni? Orí ìkúnlẹ̀ ni mo ti ń ṣiṣẹ́."

Bí fóònù bá dún, ọwọ́ ẹ̀ á dúró. Tó bá ti rí i pé kì í ṣe ọsibítù, á bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé. Kò sì mọ̀ ọ́n sú.

Ó parí pálọ̀ náà lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó ti ilẹ̀kùn, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò. Irin wà lójú gbogbo wíńdò. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi pẹ̀lú ẹ̀ la jọ lọ. Tíṣà ti ń dúró dè wá. Dígí ṣílẹ̀kùn.

Inú yàrá dákẹ́. Ó dákẹ́ ju bó ṣe yẹ kí yàrá òfìfo dákẹ́ lọ. Òórùn sìmẹ́ǹtì tútù nìkan ló wà níbẹ̀.

Àti ojú ẹsẹ̀.

Ẹsẹ̀ láìsí bàtà. Ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó lọ tààrà sí ìdí ògiri ẹ̀yìn. Ó dúró síbẹ̀. Kò padà.

"Dígí," ni Tíṣà wí, "ta lo tì mọ́nú ilé mi?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Tíṣà fúnra ẹ̀ ò rín.

Ọkọ mi tú ọ̀rá, ó tú báńdéèjì. Ó gbé ẹsẹ̀ òsì lé ojú ẹsẹ̀ àkọ́kọ́. Ìka ẹsẹ̀ ẹ̀ kejì gùn ju àtàǹpàkò lọ. Ti inú sìmẹ́ǹtì náà gùn. Gìgísẹ̀ ẹ̀ là lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó là níbẹ̀ náà. Ẹsẹ̀ ẹ̀ ni. Àmọ́ ojú ibi tí dókítà ti gé e ò hàn rárá. Ibẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ.

"Ẹ ti wá rìn níbí," mo sọ.

"Ṣebí ìwọ lo sùn tì mí."

Mi ò sùn. Mo dùbúlẹ̀ tì í, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí títí ilẹ̀ fi mọ́.

Fóònù dún. Ọsibítù ni.

Nígbà tá a débẹ̀, Dókítà ní kó jókòó. Ọkọ mi ní òun á dúró. Èmi ni mo jókòó fún àwa méjèèjì.

"Jẹjẹrẹ ni," ni Dókítà wí. "Àmọ́ ẹ tètè wá. Kò tíì wọlé jìnnà. A máa gé ojú ibẹ̀ kúrò."

"Ẹ gé e. Ilẹ̀ tí ò bá dáa, èmi náà máa ń fọ́ ọ ni."

Ohùn ẹ̀ ò gbọ̀n. Mo wò ó látòkèdélẹ̀, orí mi wú. Ọkọ mi nìyẹn.

Wọ́n gé e. Bó ṣe lè fọ̀pá rìn báyìí, ilé Tíṣà ló kọ́kọ́ lọ. Tíṣà ní kó fi ojú ẹsẹ̀ náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, òun á tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì lé e.

"Rárá, Mà. Èmi kì í gbé ilẹ̀ tó ní ojú ẹsẹ̀ fún èèyàn."

Ó fọ́ èyí tó wà ní ìdí ògiri. Sìmẹ́ǹtì ṣí. Ojú ẹsẹ̀ náà wà lórí kọnkéré abẹ́ ẹ̀, kọnkéré tí wọ́n ti dà kí Dígí tó mọ ọ̀nà ilé náà rárá. Ó fọ́ kọnkéré. Ó wà lórí yẹ̀pẹ̀, tìkatìka. Ó bu yẹ̀pẹ̀ kúrò. Ó ṣì wà.

Ó gbé òòlù sílẹ̀.

"O ò ní gbẹ́ ẹ sí i?" Tíṣà béèrè, jẹ́jẹ́.

"Ó ti tó, Mà."

Ó dí i. Ó dí gbogbo ìyókù. Ó kúnlẹ̀, ó fà sẹ́yìn dé ẹnu ọ̀nà, ó ń súfèé. Nínú gbogbo ilẹ̀ tó ti dán láyé ẹ̀, ìyẹn ló dáa jù. Mo máa ń mú èèyàn lọ wò ó, màá sì dúró bí ẹni pé èmi ni mo dán an.

Dókítà ṣì máa ń yẹ ẹsẹ̀ ẹ̀ wò lóòrèkóòrè. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, wọn ò rí nǹkan kan.

Ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì máa ń tutù. Ti Tíṣà náà tutù, àfi ibì kan ní ìdí ògiri ẹ̀yìn. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo fi àtẹ́lẹwọ́ kàn án. Ó ń lọ́ wọ́ọ́rọ́. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi pẹ́ níbẹ̀.

Nǹkan kan rọra sún nísàlẹ̀, bí ẹni tó ń tún ẹsẹ̀ gbé kó lè dúró dáadáa.