Ohun tí Ànúolúwapọ̀ Sọ fún Dókítà

"Bí wọ́n bá bi ọ́ léèrè, sọ pé ara ẹ̀gbọ́n rẹ le. Ìbínú lásán ló ṣe é."

Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà, òṣìṣẹ́ kọ́sítọ́ọ̀mù, ló ń bá ọmọ rẹ̀, Ànúolúwapọ̀, sọ̀rọ̀ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ láti ilé wọn ní àdúgbò Elekahia lọ sí ọ́fíìsì dókítà ní Old GRA. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ànú.

"Ṣùgbọ́n Dádì, kì í ṣe ìbínú."

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n máa pè wá ní ìdílé wèrè ni? Ta ni yóò fẹ́ ọ sílé?"

Ànú kọjú sí fèrèsé ọkọ̀.

Ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn, Tìmí, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó wà ní yunifásítì, gbé irin, ó fọ́ jẹnẹrétọ̀ Màmá Cecilia, aládùúgbò wọn, ní ọ̀sán gangan. Obìnrin náà sáré jáde, ó ń ké pé, "Tìmí, wetin I do you?" Irin bà á lápá, egungun sì ṣẹ́. Àwọn ọlọ́pàá mú Tìmí. Ní kóòtù, adájọ́ rí i tó ń bá ògiri rẹ́rìn-ín. Ó ní kí dókítà tó mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ yẹ̀ ẹ́ wò, kí òun lè mọ̀ bóyá ó mọ ohun tó ń ṣe lọ́jọ́ náà.

Dókítà Nímọ́tà, tí kóòtù gbé iṣẹ́ náà fún, ti jókòó ti Tìmí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ṣùgbọ́n ọmọ náà kò la ẹnu. Nígbà tí Ànú àti bàbá rẹ̀ dé, dókítà ní kí Ọ̀gbẹ́ni Adékọ̀yà dúró síta.

"Mi ò wá dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́," ó sọ fún Ànú. "Tó bá ń díbọ́n, màá kọ ọ́ síwèé. Tó bá sì jẹ́ àìsàn, màá kọ ìyẹn náà. Kí lo rí nílé?"

Ànú wo ilẹ̀kùn tí bàbá rẹ̀ bá jáde. Ó mọ̀ pé bí òun bá purọ́, ẹ̀wọ̀n ni Tìmí ń lọ. Omijé bọ́ lójú rẹ̀.

"Ó ti ju oṣù márùn-ún lọ, Mà. Ó lẹ ìwé ìròyìn mọ́ gbogbo fèrèsé. Ó ní májèlé wà nínú oúnjẹ Mọ́mì. Ó ní jẹnẹrétọ̀ ń pe orúkọ òun, pé ó ń sọ pé kí òun kú. Mo sọ fún Dádì. Wọ́n ní kí n má sọ ọ́ síta. Èmi náà sì dákẹ́."

Dókítà mí kanlẹ̀. "Orúkọ ìdílé ni wọ́n ń tọ́jú, àìsàn sì ń jẹ ọmọ. A kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá."

Ọ̀sẹ̀ méjì ni bàbá Ànú kò fi bá a sọ̀rọ̀. Ní ilé ìwé, wọ́n ń pè é ní àbúrò wèrè. Màmá Cecilia náà sunkún ní kóòtù: ó ní ká ní ẹnìkan ti sọ fún òun pé ara Tìmí kò yá ni, òun ì bá má sún mọ́ ọn. Apá rẹ̀ kò tíì nà tán títí di òní. Ṣùgbọ́n nígbà tí adájọ́ ka ìwé dókítà, ilé ìwòsàn ló rán Tìmí lọ, kì í ṣe ẹ̀wọ̀n.

Lẹ́yìn oṣù méjì, Ànú àti bàbá rẹ̀ lọ kí i. Tìmí ti rù, ṣùgbọ́n ó mọ̀ wọ́n.

"Ànú, ìwọ lo sọ fún wọn?"

"Èmi ni. Ẹ má bínú."

"Ó pẹ́ tí mo ti fẹ́ kí ẹnìkan bá mi sọ ọ́. Ohùn tó ń pe orúkọ mi yẹn ní tí èmi bá sọ ọ́, gbogbo yín máa kú."

Bàbá wọn yí ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, èjìká rẹ̀ ń mì.

Àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, kì í sì í ṣe ìtìjú. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ṣùgbọ́n bí àìsàn bá dí ẹnu ẹni tí a fẹ́ràn, àwa tí ẹnu wa yá ló yẹ ká bá a wá ìrànlọ́wọ́, kó tó pẹ́ jù.