Àádọ́rin Ni Téèpù Sọ

Orí ìkúnlẹ̀ ni Tẹ́ẹ́rẹ́ wà nínú balùwẹ̀, ó na téèpù láti ojú ìlà ẹfun tí Bàbá Páìpù fà sílẹ̀ títí dé ara ọpọ́n ìwẹ̀. Ó fi èjìká há fóònù mọ́ etí. Bàbá Páìpù, tí ó ti ń bá wọn tún ẹ̀rọ omi ṣe láti ọjọ́ pípẹ́, ti wà ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta básíà ìfọwọ́. Ìwé tí ó kọ ìwọ̀n ààyè náà sí ti jábọ́ lápò rẹ̀ lọ́nà, ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ sì wà níbi iṣẹ́.

"Ibi tí iwájú básíà oní-kọ́bọ́ọ̀dù máa dé ni mo fi ẹfun fà yẹn, ọmọ mi," ni bàbá náà wí. "Bí ohun tó ṣẹ́kù bá tó àádọ́rùn-ún sẹ̀ǹtímítà, irin Màmá á ríbi yí sí. Bí ò bá tó o, básíà ẹlẹ́sẹ̀ kan ni ká gbà. Kí ni téèpù sọ?"

Àádọ́rin ni téèpù sọ.

Nítorí Màmá Àgbà, ìyá ìyá rẹ̀, ni wọ́n ṣe ń tún balùwẹ̀ náà ṣe. Irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin ni ó fi ń rìn láti ìgbà tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún un ní ìbàdí. Básíà ẹlẹ́sẹ̀ kan kì í gba ààyè, òpó tín-ín-rín kan ṣoṣo ni ó ń gbé e dúró. Ṣùgbọ́n oní-kọ́bọ́ọ̀dù ni ọkàn ọmọbìnrin náà ń fà sí, èyí tí ó ní ibi ìkóǹkansí nísàlẹ̀ àti dígí gbàǹgbà lókè. Irú rẹ̀ wà nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ní kíláàsì. Ọ̀rẹ́ yìí ti rí básíà wọn àtijọ́ tí ó ti sán, ó sì béèrè bóyá ajá ni wọ́n ń wẹ̀ nínú rẹ̀. Gbogbo àwọn ọ̀rẹ́ wọn tó kù rẹ́rìn-ín. Ní Sátidé, wọ́n tún ń bọ̀ wá kàwé ìdánwò.

"Àádọ́rùn-ún ni, sà."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ó dá mi lójú, sà."

Àwọn ọmọ iṣẹ́ Bàbá Páìpù méjì ni wọ́n wá gbé kọ́bọ́ọ̀dù náà sí i lọ́jọ́ kejì. Ọ̀kan nínú wọn wo ààyè tó ṣẹ́kù, ó họrí, ó ní ṣé àgbàlagbà máa lè yí níbí báyìí. Tẹ́ẹ́rẹ́ ní Màmá ti rí i, ó sì tẹ́ ẹ lọ́rùn. Oorun ni Màmá ń sùn ní yàrá. Irọ́ kì í dá rìn, ó ti rí ẹnìkejì.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ni Màmá Àgbà fi ń wọ balùwẹ̀ bí akàn. Bí wọ́n bá bi í, á ní ojú òun ni kò tíì mọ́ ibẹ̀. Nígbàkigbà tí irin rẹ̀ bá ta mọ́ igi kọ́bọ́ọ̀dù, Tẹ́ẹ́rẹ́ á gbọ́ ọ. Á ní òun á sọ ọ́ lọ́la.

Sátidé dé. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ yin balùwẹ̀ náà títí, orí rẹ̀ wú. Wọn kò tíì jìnnà sílé tí Tẹ́ẹ́rẹ́ gbọ́ ìró kan, gbì! Ó sáré lọ. Ó ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò lọ. Màmá ló wó dí i lẹ́yìn.

"Màmá! Màmá, ẹ dá mi lóhùn!"

Ìkérora nìkan ni ó gbọ́. Ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn títí ó fi là díẹ̀, ó há ara rẹ̀ gba àlàfo náà, bọ́tìnnì aṣọ rẹ̀ já dànù. Màmá dùbúlẹ̀, ẹsẹ̀ irin há sábẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ọrùn ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́.

Egungun ọwọ́ náà ti ṣẹ́. Nígbà tí wọ́n ti ilé ìwòsàn dé, ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ mú téèpù, ó wọn ààyè náà lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́yìn náà ni ó pe Bàbá Páìpù.

Bàbá náà ṣí fìlà, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pálọ̀. Ìyá kò pariwo. Ohun tí ó ba Tẹ́ẹ́rẹ́ lẹ́rù jù nìyẹn.

"Àádọ́rin ni ààyè yìí, bàbá. Báwo ló ṣe di àádọ́rùn-ún lọ́wọ́ yín?"

Bàbá wo Tẹ́ẹ́rẹ́. Tẹ́ẹ́rẹ́ wolẹ̀. Bàbá rọra fọwọ́ kan etí ọ̀tún rẹ̀.

"Bóyá mi ò gbọ́ dáadáa ni," ni ó wí. "Ṣọ́ọ̀bù yẹn ń pariwo. Àádọ́rin, àádọ́rùn-ún... Àwọn ọmọ mi ti ń sọ ọ́ pé etí mi ti ń lọ. Mo rò pé wọ́n ń bá mi ṣeré ni."

Ìyá mí kanlẹ̀. Ó ní bí ọ̀rọ̀ bá ti rí báyẹn, á dáa kí bàbá fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́, kí wọ́n má baà pa èèyàn. Bàbá náà mi orí pé òun gbà. Ó ní kí wọ́n bá òun kí Màmá, ó sì yípadà, fìlà rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́.

Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò tilẹ̀ ní láti tún parọ́ mìíràn, kó ṣáà dákẹ́ ni.

"Etí yín ò ṣe nǹkan kan, bàbá." Ó gbé ojú sókè wò ó. "Àádọ́rùn-ún ni mo sọ fún yín. Àádọ́rin ni mo rí."

Bàbá Páìpù jókòó lórí àga tó sún mọ́ ọn jù. Ìyá fi orúnkún méjèèjì kúnlẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí yàrá Màmá, kí ó lọ fẹnu ara rẹ̀ tún un sọ.

Bàbá Páìpù fúnra rẹ̀ ni ó wá yọ kọ́bọ́ọ̀dù náà, tí ó sì fi ẹlẹ́sẹ̀ kan rọ́pò rẹ̀. Ó dá Tẹ́ẹ́rẹ́ lóhùn nígbà tó kí i, ṣùgbọ́n kò pè é ní ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni Tẹ́ẹ́rẹ́ fi ń jí wẹ Màmá kí ó tó lọ síléèwé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bí ó ṣe ń bá a nu ojú, Màmá ní, "Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ máa ń bá a. Tìrẹ ò tiẹ̀ lo ọ̀sẹ̀ kan. Ọwọ́ tèmi á jinná. Ṣùgbọ́n bí bàbá yẹn bá ti gbà pé etí òun ti di, ilé ìwòsàn wo là bá gbé e lọ?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ rọra fún omi ara aṣọ ìnujú náà. Ó ti yé e pé ẹni tó bá parọ́ nítorí ojú ayé, ẹlòmíràn ló sábà máa ń ru ẹrù rẹ̀, àti pé dídákẹ́ nígbà tí wọ́n ń gbé ẹrù náà lé e lórí, irọ́ náà ni.